Kí Abẹ́rẹ́ Tó Kan Iwájú Orí

Lábẹ́ afárá Òṣòdì, níbi tí ọkọ̀ Ìsọlọ̀ ti ń kó èrò, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń polówó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Agbèrò ń pariwo "Ìsọlọ̀, Jakande, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!", ẹni tó ń ta ṣájà ń ju wáyà lójú wa, ọmọkùnrin kan sì gba àárín èrò kọjá, ó na ìwé péńpé kan sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kò na ọ̀kan sí èmi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wò kó tó mọ ẹni tó yẹ kó fún. Wọ́n ya obìnrin òyìnbó kan sórí ìwé náà, apá ọ̀tún ojú rẹ̀ hunjọ, apá òsì ń dán. Nísàlẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ wọn sí: Botox, filler, drip, etí lílu, ìpéǹpéjú lílẹ̀. Nọ́ńbà WhatsApp méjì ló tẹ̀ lé e. Orúkọ dókítà kankan kò sí níbẹ̀. Àdírẹ́sì wọn kò ju "òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ọjà" lọ.

"Ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ yà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó lópin ọdún, òun sì ni ìyá ìyàwó. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìlà méjì dúró gbọin láàárín irunjú rẹ̀, ó sì ní gbogbo fọ́tò òde tí wọ́n bá ti ya òun, ṣe ló dà bí ìgbà tí òun wá sin gbèsè. Èmi kò bá a jà pé kó má ṣe é. Ojú rẹ̀ ni. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí a wò káàkiri díẹ̀ láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, kí a rí ọwọ́ tó máa di abẹ́rẹ́ náà mú, kí òun tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní Botox kì í ṣe ìpara, kì í sì í ṣe fítámì. Oró ni. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ló ń ṣe é, oró yìí kan náà ló sì ti pa àwọn èèyàn tó jẹ oúnjẹ inú agolo tí wọn kò sè dáadáa. Kì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ àṣẹ tí ọpọlọ bá fi ránṣẹ́ sí i. Iṣan á sinmi, awọ orí rẹ̀ á sì tẹ́jú. Dókítà ojú kan ní San Francisco, Alan Scott, ló kọ́kọ́ lo ìwọ̀n bíńtín rẹ̀ láti tọ́jú ojú tí kò wo ọ̀kánkán, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún àìsàn ojú ní 1989. Ní Vancouver, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní 1987, Jean Carruthers tí òun náà jẹ́ dókítà ojú ń fi tọ́jú obìnrin kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́ láìdúró. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà bínú pé dókítà kò gún òun láàárín irunjú. Kí ló dé? Ó ní ìgbà tí wọ́n bá gún òun níbẹ̀ ni ojú òun máa ń dà bí ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọkọ dókítà náà, Alastair, dókítà awọ ara ni. Tọkọtaya yìí gbé ìwádìí wọn jáde ní 1992, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2002, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìlà ìfajúro. Agbára rẹ̀ kì í sábà ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ti gba ìnáwó kan mọ́ra.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ọjà náà jẹ́ ilé onídìrí níwájú, wọ́n sì fi aṣọ ìkélé pín ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe obìnrin tó ni ibẹ̀ ní Dókítà. Ó yá mọ́ èèyàn gan-an. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́mì, ó ní kó jókòó, ó sì ti dárúkọ iye kí ìdí ẹ̀gbọ́n mi tó kan àga. Bí Mọ́mì bá mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá, ó máa dín in kù. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí a rí ìgò rẹ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu sà, a ti pò ó."

Ó ṣí fìríìjì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mínírà àti píọ́wọ́tà ló kún inú rẹ̀. Láàárín ìgò Fanta méjì, sírínjì mélòó kan tí wọ́n ti fa nǹkan sínú wọn wà nínú ọ̀rá dúdú. Kò sí orúkọ lára wọn, kò sí déètì. NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, omi sì ń kán látinú fìríìjì sórí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí fìríìjì yìí, nítorí ohun tó ń sọ pọ̀. Ìwé tó ń tẹ̀ lé Botox látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é sọ pé inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni kí a tọ́jú ìgò rẹ̀ sí, pé bí a bá ti pò ó mọ́ omi iyọ̀, kí a lò ó láàárín wákàtí 24, àti pé ìgò kan, aláìsàn kan ni. Ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìlà àárín irunjú jẹ́ unit 20, ojú márùn-ún ni wọ́n sì ń pín in sí, mẹ́rin mẹ́rin. Ìgò tó wọ́pọ̀ jẹ́ unit 100. Ẹ wá rí ibi tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti wọlé: ìgò kan, iwájú orí mẹ́rin, èyí tó ṣẹ́ kù á dúró de oníbàárà ọ̀la àti ti ọ̀túnla. Bí kò bá sì tó, omi iyọ̀ kò wọ́n. Omi mímọ́ gaara ni ohun tó wà nínú sírínjì. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní sọ fún yín bóyá oró wà níbẹ̀, tàbí ó pọ̀ jù, tàbí omi lásán ni. Ẹni tí wọ́n fi omi lásán rẹ́ jẹ gan-an lorí rẹ̀ bá a ṣe é.

Ìwé-ẹ̀rí kan wà nínú férémù lára ògiri. Ẹ̀kọ́ ìṣaralóge ọlọ́jọ́ mẹ́ta ló parí. Mo béèrè nọ́ńbà MDCN rẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà. Ó gbójú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Mọ́mì, ta lẹ mú wá yìí?"

A dúpẹ́, a sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ ọkọ̀. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ bàbá wa: ilà wà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún un, ìdílé mọ olóólà tí wọ́n lọ pè. Wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ọmọ tí ilà rẹ̀ jinná dáadáa àti èyí tí kò jinná, wọ́n sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa kàn bí egbò bá kẹ̀. Nọ́ńbà WhatsApp kò ní ẹnu ọ̀nà.

Nínú dánfó ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá ní ìlú òyìnbó ló yẹ kí òun ti ṣe é, pé ọ̀rẹ́ òun ṣe tirẹ̀ ní Peckham. Mo ní ìlú òyìnbó kọ́ ló ń gún abẹ́rẹ́, èèyàn ni. Láàárín ọjọ́ 4 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 14 oṣù keje 2025, èèyàn 38 ni UKHSA, àjọ elétò ààbò ìlera níbẹ̀, rí tí oró yìí ṣe lọ́ṣẹ́ ní England lẹ́yìn irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ní oṣù kẹrin 2024, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà kéde obìnrin 22 ní ìpínlẹ̀ 11 tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́. Mọ́kànlá nínú wọn dé ilé-ìwòsàn. Ilé àti spá ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà, ayédèrú sì wà nínú ọjà lásìkò náà. Páálí ayédèrú yẹn sọ pé unit 150 ló wà nínú ìgò. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Botox kì í ṣe oní-150: 50, 100 àti 200 ló ń ṣe. Ayédèrú náà tún kọ "Botulinum Toxin Type A" síbi tó yẹ kí ojúlówó kọ "OnabotulinumtoxinA". Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí sórí fóònù yín. Oríṣi mìíràn tó ń jẹ́ Dysport wà pẹ̀lú, òun náà kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n unit tirẹ̀ kì í ṣe unit Botox, ẹni tó bá sì ní tòun dára jù nítorí pé unit rẹ̀ pọ̀ jù, nọ́ńbà lásán ló ń tà fún yín.

Bí ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ Stella Ọbásanjọ́ kò lè ṣàì wọlé. Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2005 ni ìyàwó ààrẹ wa nígbà náà kú ní Sípéènì, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge tó lọ ṣe ní Marbella. Ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi ní 2009. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn, abẹ́rẹ́ sì ni tiwa. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún bíi ibùdókọ̀ méjì.

Lójú títì tó lọ láti Òṣòdì sí Apápá, ọgbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti oúnjẹ ní Nàìjíríà, wà ní Isolo Industrial Estate. Àjọ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1994 ni, òun náà ló sì ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní oṣù kejì 2025, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba. Oògùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú Greenbook wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì mu: orúkọ oògùn náà, àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Èmi yọ fóònù, mo kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí a ṣe ń wá a. Ṣùgbọ́n ìgò ni NAFDAC mọ̀, kò mọ ọwọ́. HEFAMAA ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin 2006 dá sílẹ̀, ló mọ ilé: gbogbo ilé-ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì máa sọ ìforúkọsílẹ̀ náà dọ̀tun. MDCN ló mọ dókítà, láísẹ́ńsì rẹ̀ ọdọọdún ni. Mẹ́ta ni àwọn ìwé yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ibi tí mo ti rí wàhálà jù ni ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀kan bo méjì yòókù mọ́lẹ̀.

Bí ti ibi kejì tí a dé nìyẹn, ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà Aswani. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, gíláàsì ń dán, òórùn dídùn kún ibẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò CAC wọn wà lára ògiri, ó tóbi, àmọ́ CAC kì í ṣe àjọ ìlera. Nọ́ọ̀sì ló ń gún abẹ́rẹ́. Dókítà ńkọ́? "Ó máa ń wá ní Sátidé." Ọjọ́bọ̀ la lọ, wọ́n sì ti ṣetán láti gún ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀. Gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin 2020, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ilé-ìwòsàn ìṣaralóge Med Contour pa ní Èkó nítorí ẹ̀sùn ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀.

Ibi kẹta kò ní iná tó ń ṣẹ́jú lára pátákó. Òpópónà kékeré kan ni, lápá Ire-Akari, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Ìwé HEFAMAA wà lókè tábìlì tí wọ́n ti ń gba káàdì, ti ọdún yìí ni. Láísẹ́ńsì dókítà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, FWACP sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti lọ sí ẹ̀kọ́ àkànṣe; ẹ̀ka awọ ara ni tirẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára fìríìjì oògùn wọn, nọ́ńbà 4 ló ń fi hàn. Kò sí Fanta níbẹ̀.

Dókítà náà kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, "Ẹ káàsán mà," ó wá gbé bíró. A retí iye owó, ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n ti gún yín rí mà? Ṣé ìpéǹpéjú yín máa ń wúwo tó bá di ìrọ̀lẹ́, tàbí kí oúnjẹ há yín lọ́fun? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Aspirin ńkọ́? Ẹ má bínú mà, ṣé kò sí oyún? Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ṣé kẹ́mísìtì kankan gún yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?

"Ìyẹn ò tó nǹkan. Infection ni. Ọmọkùnrin kẹ́mísìtì wa ń gún mi ní gentamicin, ó ku méjì."

Dókítà náà gbé bíró sílẹ̀.

Gentamicin, tí kẹ́mísìtì fi ń tọ́jú bí ohun gbogbo ní àdúgbò wa, máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọpọlọ àti iṣan. Bí ó bá pàdé oró Botox nínú ara, ó lè mú kí agbára oró náà ju bí dókítà ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Ìwé Botox fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀. "Mà, mi ò ní gún yín lónìí," ló sọ. Ó ní kó parí ìtọ́jú náà, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ dípò kó máa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, kó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó bá pẹ́ jù, oṣù kan kí ìgbéyàwó tó dé, nítorí pé ó lè tó ọjọ́ 14 kí àbájáde tó hàn tán, òun sì fẹ́ rí i lẹ́yìn rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ owó wa. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí i.

Ó ṣì yẹ ojú ẹ̀gbọ́n mi wò. Ẹ fajúro mà. Ẹ gbé irunjú sókè. Ẹ dijú pinpin. Ó ní iṣan iwájú orí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè láìmọ̀, nítorí pé ìpéǹpéjú náà ti ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá mú iṣan ọ̀hún sinmi, ìpéǹpéjú á já wálẹ̀, á wá ku kí ìyá ìyàwó máa tòògbé nínú fọ́tò. Nítorí náà, àárín irunjú nìkan, kò ní fọwọ́ kan òkè. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà náà, mo gbé e mì: gèlè tí ẹ̀gbọ́n mi máa wé lọ́jọ́ yẹn, òkè náà gan-an ló máa bò.

Obìnrin kan tó ti ń gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé, ó sì gbà kí a wo tirẹ̀. Dókítà ṣí páálí lójú wa, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ àti déètì tó máa bà jẹ́ sókè, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí fáìlì àti sórí káàdì obìnrin náà. Nínú ìgò, ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó fa omi iyọ̀ 2.5 mL, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ìdérí ìgò, kò sì tẹ sírínjì náà rárá. Ìgò ló fa omi náà fúnra rẹ̀, ṣìì. Ó ní afẹ́fẹ́ kò sí nínú ojúlówó ìgò tí wọn kò tíì ṣí, ìdí nìyẹn tó fi ń fà á. Bí kò bá fà, òun á jù ú nù. Ó yí i jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n ọ́n. Abẹ́rẹ́ tó wá fi gún un tín-ínrín gan-an, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, 0.1 mL ní ojú kọ̀ọ̀kan. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi tán. Wọ́n ní kó má fọwọ́ ra ojú náà, wọ́n fún un ní nọ́ńbà fóònù dókítà, kì í ṣe ti spá.

Filler tó wà lórí ìwé péńpé náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ó sì le jù. Jẹ́lì ni, bí ó bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè di ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì ti fọ́ ojú àwọn kan. Ẹni tí kò bá ní oògùn tó ń jẹ́ hyaluronidase nítòsí láti tú u, kó má fọwọ́ kan ojú yín.

Ẹni tí kò bá mọ dókítà kankan ládùúgbò lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn ńlá. Ilé-ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tó ti wà láti 1945, ní ẹ̀ka àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, kò sì jìnnà sí Òṣòdì. Àwọn dókítà awọ ara wà ní ilé-ìwòsàn LUTH àti LASUTH. NAPRAS ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní Nàìjíríà, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yìí kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ìpéǹpéjú yín wá ń já wálẹ̀, tí ẹ ń rí nǹkan kan ní méjì, tí ohùn yín yí padà, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun tàbí èémí ń há yín, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ má ṣe pe ẹni tó gún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó tún gún yín ní òmíràn. Ẹ gba LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì pé abẹ́rẹ́ Botox ni ẹ gbà, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti ibi tí ẹ ti gbà á, kódà bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni.